Ìlà Mílíìkì Tó Tẹ̀lé Màmá Rákélì Wọ Awo

Èmi ni Kọ́níílíà Àbẹ̀kẹ́ Adégòróyè, ọmọ Sámúẹ́lì Adégòróyè tó jẹ́ katikíìsì, ọmọ Ògúngbadé ọdẹ, ẹni tó kọ́kọ́ lé àwọn oníwàásù jáde ní agbo-ilé wa kí ó tó wá fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí. Ẹdẹ ni wọ́n bí mi sí. Ẹdẹ ni mo ti ka ìwé mẹ́fà kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, Ẹdẹ náà ni mo sì ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí bí mo ti ń kọ èyí; ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí ní ọjọ́ tí a rin ìrìn àjò náà. Mo sọ gbogbo èyí kí ẹni tó bá kà á má baà rò pé púrúǹtù kan ló jókòó tó ń pa àlọ́.

Awo ni a lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ará ilé yóò rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ìrìn àjò wo ló wà láti Ẹdẹ dé Awo, ibi tí ènìyàn lè lọ kí ó sì bọ̀ kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò rìn ín ní ayé ìjọba ológun, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó gbòde, tí sójà sì ń ṣọ́ bí ọmọ ènìyàn ṣe ń gbé ẹsẹ̀.

Màmá Rákélì Àṣàkẹ́ Ọdẹ́dèjì ni olórí ìrìn náà. Màmá fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ni wọ́n ti fi òwò epo sílẹ̀, tí wọ́n gba iṣẹ́ ìhìnrere, kò sì sí ẹni tí wọn kì í wàásù fún. Wọ́n ti wàásù fún agbowó-orí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti wàásù fún dókítà tó ń fa eyín wọn, nígbà tí ọwọ́ dókítà ṣì wà lẹ́nu wọn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń lọ sí Awo ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, níbi tí wọ́n dá ìbùdó ìwàásù kan sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Jékọ́bù, bíríkìlà kan tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú ọdún mọ́kànlá náà, ọmọ ìjọ kan ṣoṣo ni ìbùdó yìí ní. Bàbá Jékọ́bù fúnra wọn ni, etí wọn kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Nígbà tí nǹkan le, ìgbìmọ̀ ìjọ wa jókòó, wọ́n sì pàṣẹ pé ìbùdó tí kò bá ní orúkọ ènìyàn méjìlá nínú ìwé kíláàsì ìrìbọmi títí di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí a tì í, kí a sì gba agogo ìwàásù lọ́wọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀. Èmi ni mo ka ìwé náà sí Màmá létí. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn gbé agogo náà sórí itan, wọ́n ń fi ìka pa á lára.

“Tíṣà,” ni wọ́n wí, nítorí bí gbogbo ìlú ti ń pè mí nìyẹn, “bí wọ́n bá gba èyí, kí ni mo máa máa jí ṣe?”

Mo ní Ọjọ́bọ̀ kan ṣì kù, pé n ó bá wọn lọ, n ó sì fi ọwọ́ ara mi kọ àwọn orúkọ náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ má lè sọ pé ìwé kò ṣeé kà.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jí. Mo di ẹrù bó ti yẹ ẹni tó ń lọ sí ìlú mìíràn: agboòrùn kan, fúláàsì kan, omi tí mo ti sè (n kì í mu omi ìlú tí n kò mọ orísun rẹ̀), aṣọ ìyípadà, rúlà, yíǹkì dúdú, yíǹkì pupa, àti ìwé orúkọ tí mo fi bébà búlúù bò lẹ́yìn. Ẹnì kẹta wa ni Dọ̀káàsì, aránṣọ, obìnrin alágbára tí kì í pa ẹnu mọ́. Òun ló ru páálí tí a kó àwọn ìwé pélébé ìhìnrere sí. Ìjọ tọrọ páálí náà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan. Páálí mílíìkì ni, wọ́n sì ya màlúù ńlá kan sí lára níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù Ráímì ni a wọ̀. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni owó ọkọ̀, ogún kọ́bọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ráímì wo ẹrù mi, ó wo agboòrùn mi.

“Tíṣà, ṣé Mẹ́kà lẹ ń lọ ni?”

“Awo ni mò ń lọ. Mo sì fẹ́ kí o rọra wa ọkọ̀.”

“N ò lè ṣàì rọra, Màmá. Nínú táyà mẹ́rin, mẹ́ta ti pá lórí bíi bàbá mi.”

Màmá Rákélì ti dúró de irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. “Ráímì ọmọ mi, bí táyà yìí bá bẹ́ lónìí, níbo lò ń lọ?”

“Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni, Màmá.”

Dọ̀káàsì rẹ́rìn-ín títí páálí fi ń mì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti pẹ́. Ráímì sọ fún mi pé ọdún kọkànlá rèé tí Màmá ti ń wàásù fún òun ní àlọ àti ní àbọ̀, pé òun ti mọ ìwàásù náà tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi máa ń tún un ṣe fún wọn bí wọ́n bá gbàgbé ibi kan, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí ni òun ó máa lọ ní Jímọ̀.

Ọ̀nà náà dára títí a fi jáde ní ìlú. Lẹ́yìn èyí, kòtò ni. Ní Ẹdẹ, bí kòtò bá wà lójú títì, a máa ń fa ẹ̀ka igi gún un kí awakọ̀ lè rí i. Ní ọ̀nà Awo, kòtò ni wọ́n fi ń júwe ilé. Mo gbọ́ tí Ráímì ń sọ fún ọkùnrin kan lọ́nà pé, “Kòtò kẹta, lọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn èyí tí ewúrẹ́ já sí.”

Kí a tó wọ ìlú ni a bá sójà kan tó gbé igi dábùú ọ̀nà. Ọkùnrin gíga kan ni, ilà ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ṣé ẹ tò kí ẹ tó wọ ọkọ̀ yìí?”

Ráímì ní, “Ọ̀gá, àwọn mẹ́ta péré ni. Ta ni kó tò sẹ́yìn ta?”

“Mẹ́ta kì í ṣe èèyàn? Bọ́ sílẹ̀.”

Ó ní kí Ráímì fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìjìyà ìgbà náà fún ẹni tí kò bá tò ni: ènìyàn á lóṣòó, á fi ọwọ́ méjèèjì mú etí, á sì máa fò káàkiri. Màmá Rákélì dúró tì í, wọ́n ń ka ẹsẹ Bíbélì kan fún ìfò kọ̀ọ̀kan láti fi tù ú nínú. Nígbà tó di ìfò kẹjọ, Ráímì ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí èémí mí.”

Mo sọ fún sójà náà pé mo ti kọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà jù ú lọ. Ó kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ tẹ orí ba. “Ẹ má bínú, Màmá, àṣẹ ni. Ẹ tò, ẹ̀yin mẹ́ta, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà kúrò lórí ìlà títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ń lọ. Mò ń bọ̀ wá wò ó.”

Bí a ṣe tò nìyẹn. Màmá Rákélì ló ṣíwájú pẹ̀lú agogo, èmi ni mo tẹ̀lé wọn pẹ̀lú agboòrùn àti ìwé orúkọ, Dọ̀káàsì ló kẹ́yìn pẹ̀lú páálí lórí. Oòrùn ń yọ bí a ti ń wọ Awo.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tó lè ka èyí lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà náà, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀sẹ́ńkò, ìyẹn mílíìkì, ṣúgà, òróró àti ọṣẹ, kì í sí lọ́jà. Ibi tí ìlà bá wà ni ó wà. Nítorí náà, bí ènìyàn bá rí ìlà, a kọ́kọ́ tò ná; ó di ìgbà tó bá dúró sẹ́yìn ẹnì kan tán kí ó tó béèrè ohun tí wọ́n ń tà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè, kí ó tó gbọ́ èsì, ogún ènìyàn ti wọ iwájú rẹ̀. Bí ìlà bá sì dúró sójú kan, ẹni tó ní iṣẹ́ níbòmíràn lè gbé òkúta kalẹ̀ dípò ara rẹ̀. Òkúta náà ní ẹ̀tọ́ bí ènìyàn, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé e kúrò.

Ẹni àkọ́kọ́ tó rí wa ni Ìyá Ráfíù, obìnrin kan tó ń to alùbọ́sà sórí àtẹ níwájú ilé rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn Dọ̀káàsì.

“Àbúrò, ẹ̀yìn ẹ ni mo wà o.”

Dọ̀káàsì kò lè yí orí nítorí páálí. Ó kàn dáhùn pé, “Ẹ káàbọ̀, Mà,” nítorí ó rò pé obìnrin náà fẹ́ gbọ́ ìwàásù. Lẹ́yìn èyí, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan sọ pé ẹ̀yìn Ìyá Ráfíù ni òun wà. Àgbẹ̀ mẹ́ta tó ń lọ sóko sọ àdá kalẹ̀ léjìká, wọ́n yà sí i. Nígbà tí a dé ìkóríta, mo bojú wẹ̀yìn, mo sì ka ènìyàn mọ́kàndínlógún. Gbogbo wọn tò, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, àwo àti korobá ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

“Màmá,” mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́, “àwọn èèyàn ń tẹ̀lé wa.”

Màmá Rákélì kò yí orí. “Má wò wọ́n, Tíṣà. Ẹyẹ tó bá ń bà bọ̀, a kì í tẹjú mọ́ ọn.”

Ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká wọn ń gbọ̀n, agogo náà sì ń dún fúnra rẹ̀.

Bàbá Jékọ́bù ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí a yọ. Wọ́n gbé ọpọ́n sílẹ̀, wọ́n wo ìlà náà láti orí dé ìdí, wọ́n sì ṣí fìlà.

“Rákélì, ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Ìjọ yín ni.”

“Ẹ̀n-ẹ́n?”

“Mo ní ìjọ yín ni.”

Bàbá wọ ilé lọ, wọ́n lọ wọ agbádá.

Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo to yíǹkì, mo sì jókòó. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan dé iwájú mi, ó dárúkọ, ó gba ìwé pélébé kan lọ́wọ́ Màmá, ó lọ dúró sápá kan, kò sì lọ sílé. Mo kọ Sàláwù, mo kọ Múníráti, mo kọ Ọláyẹmí. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo kọ ìkejìlá, mo sì fi rúlà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ti parí. Èyí tó kù, àṣekún ni. Màmá Rákélì ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń dà lójú wọn, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń sọ ni, “Ọdún mọ́kànlá. Ọdún mọ́kànlá.”

Nígbà tó kan Ìyá Ráfíù, ẹni tó ti sá lọ gbé àtẹ alùbọ́sà rẹ̀ wá kí ó tó padà wá tún ìlà tò, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì tọ́ka sí òkúta kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ kọ ti èyí náà.”

“Òkúta ni mo rí.”

“Àlíkẹ́ ni. Ìyàwó àbúrò mi. Ó lọ pọn omi.”

Mo ní n kò lè kọ orúkọ òkúta sínú ìwé ìjọ. Gbogbo ìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Ẹ kọ ọ́, Tíṣà. Òkúta yẹn ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi.” Mo kọ Àlíkẹ́. Ìtara wọn ni mo pè é. Mo tilẹ̀ rò ó lọ́kàn pé ní Ẹdẹ wa, tí a ti ń sìn Ọlọ́run pẹ́ tó yìí, n kò tíì rí ẹni tó gbé òkúta sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí ààyè má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹnì kọkànlélọ́gbọ̀n ni Àlàájì kan tó wọ fìlà funfun. Ó dárúkọ tán, ó tẹ̀ mọ́ tábìlì mi.

“Tíṣà, agolo mélòó ni ẹnì kan máa gbà? Ìyàwó mẹ́ta ni mo ní, n ò fẹ́ ìjà.”

“Agolo kí ni, Àlàájì?”

“Mílíìkì inú páálí yẹn ni.”

Mo gbé ojú sókè, mo wo páálí. Màlúù ara rẹ̀ ń wò mí.

Mo fa Màmá àti Dọ̀káàsì wọ inú ilé, mo sì ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Dọ̀káàsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Méjìlá là ń wá, ọgbọ̀n ó lé la rí. Ẹ jẹ́ ká pa ìwé dé ká máa lọ sílé. Ta ló máa ti Ẹdẹ wá béèrè?”

Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìwà títọ́, mo sì gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi dárúkọ. Ìwé kò bi wọ́n ní ìdí.”

Màmá Rákélì jókòó sórí àpótí Bàbá Jékọ́bù. Wọ́n gbé agogo náà sórí itan.

“Tíṣà, bí wọ́n bá dé ọ̀run, tí wọ́n béèrè mílíìkì wọn lọ́wọ́ Ọlọ́run, ta ni yóò dá wọn lóhùn?”

Wọ́n dìde, wọ́n jáde, wọ́n lu agogo, wọ́n sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé kò sí mílíìkì, pé ìwé ìhìnrere ni, pé kíláàsì ìrìbọmi ni wọ́n kọ orúkọ sí, àti pé kí wọ́n dárí jì wọ́n.

Ẹnikẹ́ni kò kúrò lórí ìlà.

“A ti gbọ́, Màmá,” ni Ìyá Ráfíù wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. “Bí wọ́n ti máa ń wí nìyẹn. Oníṣọ́ọ̀bù ojú títì náà ní kò sí. Ìyàwó rẹ̀ ni mo rí tó ń fi bọ́jú.”

“Mo fi Ọlọ́run búra.”

Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, “Ẹ ẹ̀ rí i, ó ti dórí ìbúra. Ó pọ̀ gan-an nìyẹn.”

Màmá da páálí náà dé sórí ilẹ̀. Ìwé nìkan ló dà jáde. Wọ́n ní ó wà nínú ilé. Bí Màmá ti ń sẹ́ ni ìlà ń gùn, nítorí ìròyìn ti dé ọjà pé mílíìkì kan wà nílé Bàbá Jékọ́bù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó kan fi ń sunkún kí wọ́n má baà rí i. Nígbà tí mo tún kà wọ́n, wọ́n jẹ́ ọgọ́ta ó lé mẹ́rin, láì ka òkúta.

Ìgbà yìí ni sójà dé. Ọkọ̀ Ráímì ló gbé e wá, Ráímì sì ń tiro. Sójà náà rìn láti orí ìlà dé ìdí rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé agbègbè yìí, òun kò tíì rí ìlà tó gún tó bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí à ń tà. Ìlà ní mílíìkì. Màmá ní kò sí nǹkan kan. Ojú sójà yí padà, nítorí ẹni tó bá kó ọjà pamọ́ nígbà náà, ẹ̀wọ̀n ni. Ó wọ ilé, ó wo abẹ́ ibùsùn Bàbá Jékọ́bù, ó wo inú ìkòkò omi. Ó jáde, ó sì ní kí n mú báàgì mi wá.

Ohun tó rí níbẹ̀, tó gbé sókè fún gbogbo Awo láti rí, ni agolo mílíìkì kan. Tèmi ni. N kò lè mu tíì láìsí mílíìkì láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Mo ti fi ìṣó lu ihò méjì sí i lórí, mo sì fi bébà dí wọn. Ó ku díẹ̀ kó tó ìdajì. Mo ti mu nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láì fi lọ Màmá Rákélì, tí a jọ ń gbé ojúlé kan náà, lọ́jọ́ kan.

Ìyá Ráfíù kàn mi orí. “Mo wí bẹ́ẹ̀.”

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n ka ìdánwò rẹ̀ síta. Sójà mi agolo náà wò. Ó ní ọjà tí a bá rí, òfin ni kí a pín in fún àwọn tó tò. Mo ní ìdajì agolo ni, ènìyàn sì jẹ́ ọgọ́ta ó lé mẹ́rin. Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n yó.

Màmá Rákélì gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Jékọ́bù mú ṣíbí tíì wá. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹni tó bá kàn yóò la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, Màmá yóò kán mílíìkì kan sí i lórí ahọ́n, wọn yóò sì wí pé, “Ẹ kú ìdúró.” Àlàájì la ẹnu. Àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ti ránṣẹ́ pè, la ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ìjà. Nígbà tí ó kan òkúta, sójà ní òkúta kò lẹ́nu. Ìyá Ráfíù ní, “Ọ̀gá, nígbà tí òkúta ń tò, ẹ ò bá a wí.” Sójà wo òkúta náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ pe onítọ̀hún wá, kí wọ́n sì fi ti òkúta pamọ́ sínú ṣíbí mìíràn.

Mò ń retí kí Màmá wàásù. Láti ọdún mọ́kànlá, wọn kò tíì rí ọgọ́ta ènìyàn tó dúró jẹ́ẹ́ níwájú wọn. Wọn kò wàásù. “Ẹ kú ìdúró” nìkan ni. Sójà fúnra rẹ̀ lọ tò sí ìdí ìlà, ó ṣí bẹ́rẹ́ẹ̀tì, ó la ẹnu. Ráímì wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi ni Màmá fi ṣan agolo fún un.

“Màmá,” ni Ráímì wí, “ẹ gbàgbé ìwàásù.”

“Ẹnu tí wọ́n là, mílíìkì ni wọ́n là á fún. N kò gbọdọ̀ ti nǹkan mìíràn bọ̀ ọ́.”

Àwọn ènìyàn túká pẹ̀lú ẹ̀rín. Màmá wá ní kí n pa gbogbo orúkọ náà rẹ́. Mo mú rúlà àti yíǹkì pupa, mo sì fa ìlà gba orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi kò yá. Mo ti dé ìsàlẹ̀ nígbà tí obìnrin kan tó gbé korobá omi sórí dúró níwájú mi. Ọ̀dọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ odò.

“Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Èmi ni Àlíkẹ́. Wọ́n ní mílíìkì mi wà nínú ṣíbí, orúkọ mi sì wà nínú ìwé.”

Màmá fún un ní ti inú ṣíbí. Ó lá a, ó nu ẹnu, kò sì lọ.

“Ṣé mo lè rí orúkọ náà? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ rí.”

Mo fi hàn án. Ó wò ó pẹ́. “Kí ni pupa tó wà lórí rẹ̀ yìí?”

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Màmá sì sọ ohun tí ìwé náà wà fún gan-an, pé kò sí mílíìkì nínú rẹ̀ láé, pé kíkà ni, àti àdúrà, lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta.

Àlíkẹ́ ní, “Ẹ tún un kọ.”

Orúkọ kan ni. Ó ku mọ́kànlá. Oòrùn ti yẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń bọ̀. Màmá Rákélì wo ojú ọ̀nà díẹ̀, wọ́n sì gbé agogo náà lé mi lọ́wọ́.

“Mú un lọ fún wọn, Tíṣà. Má jẹ́ kí wọ́n wá gbà á.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni ọ́, o mọ̀ pé a kì í fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.”

Mo ní ibùgbé kò sí. Ìyá Ráfíù, tó ń kó alùbọ́sà rẹ̀ lọ́wọ́, ní yàrá kan ṣófo nílé òun. “Mùsùlùmí ni mí, Mùsùlùmí ni màá kú sí, Màmá, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ tú ìlà ara rẹ̀ ká, kò lè jí alùbọ́sà mi.”

“Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?” ni Màmá wí.

“Ẹ ó máa bó alùbọ́sà lọ́wọ́ bí ẹ ti ń wàásù. A ó wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ sunkún.”

Báyìí ni mo ṣe padà sí Ẹdẹ pẹ̀lú Dọ̀káàsì àti agogo, nínú ọkọ̀ Ráímì. Ìrọ̀lẹ́ ni a wọlé. Ní ọjọ́ Àìkú, mo dúró níwájú ìgbìmọ̀, mo ka orúkọ kan ṣoṣo náà sí wọn létí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́, wọ́n ti ìbùdó Awo pa, wọ́n sì gbé agogo sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi, n kò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún ara mi láti kọ ohun gbogbo. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ láàárọ̀, tí mo sì ń fi àmì sí i. Mo rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Màmá Rákélì, tí ìwé kíkà wọn kò kọjá Bíbélì, mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí mímọ̀ rẹ̀ yóò gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn.

Ráímì a máa mú ìkíni wọn wá fún mi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Màmá ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ní Àlíkẹ́ ti ń ka ìwé fúnra rẹ̀. Màmá ní ìgbà wo lẹ ń bọ̀? Mo ní orúnkún ń dùn mí. Mo ní òjò pọ̀. Mo ní kí owó ọkọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé n kò lè wo ojú ẹni tó gbọ́ ohun tí mo sọ nínú ilé Bàbá Jékọ́bù. Lọ́dún tó kọjá, Ráímì wá ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, kò fọn fèrè ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ṣí fìlà. Wọ́n ti sin Màmá sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ráfíù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Láti Ẹdẹ dé Awo, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ tí mo rí wọn kẹ́yìn ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 1985.